Katapílà Orí Ọmọlanke: Bí A Ṣe Gbé Eré Olórin Kalẹ̀ ní Àdúgbò Wa ní Kubwa

Káfíńtà ni mí. Ilẹ̀kùn, àga, bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Kubwa nìyẹn láti bí ọdún mẹ́rìnlá. Mi ò ṣeré rí, mi ò sì kọrin kọjá inú balùwẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí a ti ṣe eré tiwa tán, àdúgbò méjì ló ti ránṣẹ́ sí mi: báwo lẹ ṣe ṣe é, èló lẹ ná, kí lẹ kọ́kọ́ rà? Mo ti ròyìn títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tòun ti gbogbo ibi tí mo ti ṣìṣe àti owó tí mo fi ṣòfò, torí àwọn ìyẹn ló máa wúlò jù fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò.

Ohun tó bí i

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní oṣù kọkànlá, a jí bá àmì X pupa lára ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá àti ilé méjì. Etí gọ́tà ńlá tó gba ẹ̀yìn pápá àwọn ọmọdé kọjá ni gbogbo wọn wà. Kò sí lẹ́tà, kò sí déètì, kò sí nọ́ńbà fóònù. Ẹni tó bá sì ti pẹ́ ní Abuja, kò sí ẹni tó máa túmọ̀ X pupa fún un: wọ́n fẹ́ wó o ni. Ìyá Ẹlẹ́kọ fi kẹrosíìnì àti àkísà nu tirẹ̀. Dípò kó parẹ́, ńṣe ló tàn ká bí ẹ̀jẹ̀, ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

A pe ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni mẹ́sàn-án ló wá sí àkọ́kọ́. Mẹ́fà ló wá sí ìkejì. Ìkẹta, èmi ni, Bàbá Alága, àti ọkùnrin kan tó rò pé à ń pín ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n onígángan tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló sọ ọ́ pé, "Ẹ jẹ́ ká fi ṣeré. Ẹni tí ò wá gbọ́ ẹjọ́, yóò wá gbọ́ ìlù." Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ lo máa kan ìtàgé." Ẹ̀rín náà dá.

1. Ìwé eré

Àǹtí Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní pámárì ló kọ ọ́. Ojú ewé 47 ni ti àkọ́kọ́. A kà á nínú kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé, ó gba wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí a fi máa dé ojú ewé kọkànlá, Ìyá Ẹlẹ́kọ ti sùn, ó ti ń hanrun. Àǹtí bínú. Mo ní kó má bínú, ẹni tí X wà lára ògiri rẹ̀ ló ń sùn yẹn o. Bí eré yìí ò bá lè jí i, ta ló máa jí?

Òfin tí a wá ṣe rèé: ọ̀rọ̀ tó bá ti ju ìlà mẹ́rin lọ lẹ́nu ẹnì kan, ẹ sọ ọ́ dorin tàbí kí ẹ pa á rẹ́. Ó ku ojú ewé 14 àti orin mẹ́sàn-án. Àádọ́rin ìṣẹ́jú ló ń gbà.

Ìtàn ibẹ̀ kò le. Bàbá Pílọ́ọ̀tì ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta. Injiníà gbé tépù dé, gbogbo nǹkan ló ń wọ̀n, títí kan ikùn àwọn èèyàn. Ìyá Alákàrà ní ìbéèrè kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: "Pílánù yẹn dà?" Mai ruwa ń ti ọmọlanke omi kiri, òun náà ló ń gbé ìròyìn kiri. Lẹ́yìn náà ni katapílà fúnra rẹ̀, tí ebi ń pa, tó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin oúnjẹ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí ni pé kí ẹ ka ìwé yín sétí àwọn aládùúgbò tí kò sí nínú eré. Ẹni méjì ló yọ wá nínú ìtìjú.

Ọ̀kan ni lọ́yà kékeré kan tó ń gbé ní òpópónà kejì. Nínú ìwé àkọ́kọ́, Bàbá Pílọ́ọ̀tì ń pariwo pé, "Ilẹ̀ baba mi ni!" Lọ́yà ní irú ẹjọ́ yẹn kò ṣeé rò níbí. Láti ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 tí òfin ti dá agbègbè olú-ìlú yìí sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ rẹ̀. Kò sí gómìnà níbí, ọwọ́ mínísítà ni ìwé ilẹ̀ ti ń jáde, ìwé Area Council (ìjọba ìbílẹ̀ ibí) lásán sì ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn sínú wàhálà. A wá sọ ọ́ dẹ̀fẹ̀. Nígbàkígbà tí Bàbá Pílọ́ọ̀tì bá ya ẹnu, mai ruwa á fi Hausa béèrè pé, "Ina takarda?" (Ìwé dà?) Bàbá á fa ìwé kan yọ. "Ina takarda?" Òmíràn. Nígbà tí eré fi máa parí, ìwé mẹ́rìnlá ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún, lọ́wọ́ òsì, lábẹ́ fìlà àti nínú bàtà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ẹnì kejì ni ìyá kan láti inú ẹ̀yà Gbagyi, onílé ni lẹ́yìn ilé ìwé. Ọmọbìnrin wa tó ń ṣe obìnrin Gbagyi gbé igi ìdáná lórí wọlé. Màmá ní, "Orí? Àwa? Èjìká ni!" Ó dìde, ó gbé àga ọmọ ilé ìwé kan lé èjìká ọ̀tún, ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé pátákó, àga náà kò mì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọbìnrin wa fi kọ́ ọ. Màmá yìí kan náà ló rán wa létí pé orúkọ àwọn abúlé ni Wuse àti Maitama kó tó di orúkọ àdúgbò olówó, àti pé wọ́n kó àwọn ará Wuse lọ sí Sabon Wuse ní ìpínlẹ̀ Niger. A fi ìlà méjì dárin nípa rẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta ni Àǹtí fẹ́ kọ. Mo rán an létí òfin.

2. Orin

Ibí ni a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Ọ̀gá akọrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ bá wa ṣe ohùn orin. Ó mọ orin, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Àmọ́ ńṣe ló kọ́kọ́ ń ṣe ohùn, tó wá ń to ọ̀rọ̀ lé e lórí, bíi ti ìwé orin ìsìn àtijọ́ tó jẹ́ ohùn òyìnbó lọ́rùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, a kì í fetí sí i mọ́. Ní pápá, ẹni tí kò gbọ́ orin yín rí ló jókòó sílẹ̀.

Orin tí katapílà máa fi wọlé ni, "Ọkọ̀ ń bọ̀, ẹ sá o!" Ohùn tí ọ̀gá ṣe kò sọ̀ kalẹ̀ lórí *kọ̀*, ó dúró lójú kan. Ohun tó jáde ni, "Ọkọ ń bọ̀, ẹ sá o!" Àwọn obìnrin tó wà ní kíláàsì ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ọ̀kan ní, "Tèmi wà ní Kàdúná, n óò sá ná."

Èyí tó tẹ̀ lé e tún ju ìyẹn lọ. "Ìlú yìí, tiwa ni" ni àkọlé orin ìparí. Ohùn méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, ó di "Ìlù yìí, tiwa ni." Ẹ̀gbọ́n onígángan gbá ìlù rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní, "Ta ló ń bá mi du ìlù mi?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ kí a tó gbà pé ohùn orin gan-an ni kò tọ́. Bí a ṣe tún un ṣe nìyí, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní:

(a) Ẹ kọ́kọ́ sọ ìlà náà bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Kí ẹni mẹ́ta sọ ọ́, kí ẹ gbà á sínú fóònù.

(b) Kí onígángan gbọ́ ọ, kó fi ìlù sọ ọ́ láìbá yín sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

(d) Ohùn tí ìlù bá mú, òun ni kí ẹ kọ. Ẹ lè fà á gùn, ẹ lè yára sí i, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti sọ̀, kó sọ̀; ibi tó bá ti gòkè, kó gòkè.

(e) Ẹ pe ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ fi imú kọ orin náà fún un, kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ ní kó wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu sí i. Bí ohun tó sọ bá sún mọ́ tiyín, ó ti jinná.

A fi ọmọ mẹ́kánííkì kan ṣe ìdánwò (e). Nígbà tí a fi imú kọ orin X fún un, ó ní, "Ó dà bíi pé ẹ ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni:

*Lílé:* Ta ló kọ ọ́ sára ògiri?
*Ègbè:* Àwa ò mọ̀!
*Lílé:* Kí ló kọ ọ́ sí?
*Ègbè:* Ẹ lọ béèrè!
*Lílé:* Lọ́wọ́ ta ni?
*Ègbè:* (gbogbo wọn á yíjú sí Bàbá Pílọ́ọ̀tì, ìlù á dákẹ́)

Ọ̀rọ̀ ọkọ ńkọ́? A ò jù ú nù. Katapílà á kọ́kọ́ kọ ọ́ ní àṣìṣe, àwọn obìnrin orí ìtàgé á máa tún gèlè wé pé ọkọ ń bọ̀, ìgbà yẹn ni gángan á wá fi ohùn tó tọ́ là á yé wọn. Nínú gbogbo eré, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti pọ̀ jù. Àǹtí ń sọ fún gbogbo ayé pé òun mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Orin kan wà tí lọ́yà bá wa tọ́. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba pé òun fẹ́ rí àkọsílẹ̀ kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ méje. A ti fẹ́ kọ ọ́ pé "ọjọ́ méje péré." Ó ní ká yọ "péré" kúrò, torí òfin kan náà gbà wọ́n láyè láti sún un síwájú fún ọjọ́ méje sí i. Ó wá di báyìí:

*Kọ lẹ́tà, mú ẹ̀dà kan lọ́wọ́,
Jẹ́ kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀,
Ka ọjọ́ méje, má sùn,
Bí wọ́n bá ní kò tó, tún ka méje.*

Àwọn ọmọdé ń fi í fo okùn báyìí.

3. Ìtàgé

Ẹsẹ̀ bàtà 16 ní ìbú, 12 ní jíjìn. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyí, òun náà ni mo sì ti bà jẹ́ jù.

Ìsàlẹ̀: bulọ́ọ̀kù oníńṣì 9, ọgọ́ta. Mo yá wọn lọ́wọ́ onílé kan tó ń kọ́lé. Ìlà mẹ́ta ni mo tò, mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo sì gbé òmíràn lé wọn lórí, ó jẹ́ ìpele méjì. Mẹ́ta fọ́ nígbà tí a ń kó wọn padà, mo san ₦2,100.

Pákó: oníńṣì méjì sí mẹ́rin (2×4), ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12. Méjìlá ni mo kọ́kọ́ rà ní Dei-Dei, ₦4,200 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi mẹ́sàn-án dábùú, ẹsẹ̀ bàtà méjì ló wà láàárín ara wọn. Mo fi mẹ́ta tó kù dè é létí níwájú àti lẹ́yìn.

Ojú ìtàgé: plywood mẹ́fà. Èyí tó yẹ kí n rà ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì. Mo ra ìlàjì íńṣì, ₦17,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí mo fẹ́ kí Bàbá Alága rí i pé mo mọ owó tọ́jú. Bí oníbàárà bá ní kí n fi ìlàjì íńṣì ṣe ilẹ̀ fún òun, n óò kọ̀ fún un. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí.

Lọ́jọ́ tí àwọn oníjó mẹ́fà kọ́kọ́ gun orí rẹ̀, mo dúró ní ẹ̀yìn pápá láti wò ó. Gbì, gbì, gbì. Ìtàgé ti di gbẹ̀du. Mo rí ẹnu Ìyá Alákàrà tó ń ṣí tó ń pa dé, ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Pákó ń rọ̀ lábẹ́ wọn bí ibùsùn, ìṣó kan sì yọ orí síta, ó fa aṣọ ọmọ kan ya.

Ìtọ́jú tí mo ṣe fún un:

Mo ra pákó mẹ́jọ sí i, mo fi ọ̀kan há àárín méjì-méjì, àlàfo wá di ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo yọ gbogbo ìṣó orí plywood, mo fi sukúrù oníńṣì méjì rọ́pò. (Ìṣó máa ń yọ bí ijó bá ti pọ̀ lórí rẹ̀, sukúrù kì í yọ.) Lẹ́yìn náà mo kó lẹ́búlẹ́bú pákó láti ṣọ́ọ̀bù mi sínú àpò ìrẹsì mẹ́rìnlá, mo kì wọ́n sábẹ́ ìtàgé kó lè gbé ìró mì. Èyí kò ná mi ní kọ́bọ̀, òun ló sì ṣiṣẹ́ jù. Ìró gbẹ̀du náà kú.

Ìdánwò tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò fi sílẹ̀ mọ́ títí eré fi dé: ọmọ kan á jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá gbọ́, kó fi ìlà kan sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ìlà 61. Lẹ́yìn àpò ìrẹsì, 24.

4. Katapílà

A háyà ọmọlanke lọ́wọ́ mai ruwa gidi, èyí tí wọ́n fi ń to kẹ́ẹ̀gì omi, ₦3,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńṣì méjì.

Katapílà kìíní: mo fi pákó líle ṣe abẹ iwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ó rẹwà. Ọ̀nà tó wà láàárín àga jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ẹ̀yin náà ti mọ ìyókù. Nígbà tí a gé e kù, ó ṣì wúwo, ọmọkùnrin méjì kò lè tì í gun pákó ìgòkè tí mo kàn fún un. Ìtàgé ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, pákó ìgòkè mi kò sì gùn ju mẹ́rin lọ. Òkè gan-an ni. Katapílà yí padà sẹ́yìn, ó gbá Bàbá Pílọ́ọ̀tì ní ojúgun. Ó fi ọ̀pá rìn fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì wá fi ọ̀pá náà sínú eré torí ó yẹ ẹ́.

Katapílà kejì: ọparun mẹ́jọ fún egungun, kátọ́ọ̀nù fún ara, fóòmù oníńṣì mẹ́rin fún abẹ iwájú, ọ̀dà yẹ́lò gálọ́ọ̀nù kan. Ẹnu rẹ̀ ń là nípa okùn tó gba ara kẹ̀kẹ́ kànga kọjá. Tọ́ọ̀ṣì fóònù méjì ni ojú. Ọmọ kan fara pamọ́ sínú rẹ̀, ó ń lu kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ó sì ń mi agolo mílíìkì tí òkúta wà nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Àpapọ̀ ₦31,500, owó ọmọlanke wà nínú rẹ̀.

Ìgòkè ńkọ́? A pa á tì. Ẹ̀gbọ́n onígángan ní kí ló dé tí katapílà fi máa gun ìtàgé, ṣé katapílà ń gun àtẹ̀gùn kó tó wó ilé ni? Kó gba àárín èrò wọlé. Ó ti ṣe wá bí ìyà pé a fi pákó ìgòkè ṣòfò, àfi ìgbà tí a rí i lójú eré: àwọn èèyàn ń fa àga, wọ́n ń kó ọmọ, ìyá kan ń bú u ní tòótọ́. Bí X pupa ṣe rí lọ́jọ́ Ajé yẹn náà nìyẹn.

5. Ohùn àti iná

Sípíkà méjì, ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀ (míksà) kan, máìkì mẹ́rin, ₦70,000. Jẹnẹrétọ̀ ₦15,000, petróòlù lítà 20, ₦950 lítà kọ̀ọ̀kan.

Mo gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ìtàgé torí wáyà tí mo ní kò gùn. Ọmọ ìlà ẹ̀yìn fi ìlà 90 sílẹ̀, ó wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Jẹnẹrétọ̀ ni mo gbọ́." A gbé e lọ sẹ́yìn fẹ́ńsì, mítà 30, a so wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ra. Bí katapílà bá ti fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin, iná á rọ, sípíkà á kú. Nǹkan méjì ló fà á: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbé iná jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láìrẹ̀ ẹ́, àwọn gílóòbù ńlá méjì àtijọ́ tí mo yá sì ń jẹ wáàtì 500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ra wáyà tó nípọn (2.5 mm²), mítà 30 ní gígùn, ₦33,000. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n mìíràn. Fún iná, mọ́sálááṣì yá wa LED wáàtì 50 méjì, ṣọ́ọ̀ṣì yá wa méjì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jẹ tó ìlàjì gílóòbù kan.

Máìkì ń súfèé títí a fi gbé sípíkà síwájú àwọn tó ń kọrin. Èyí, gbogbo DJ ló mọ̀ ọ́n. Èmi kì í ṣe DJ.

Lọ́jọ́ ìgbìyànjú tó gbẹ̀yìn, ìlà méje.

6. Òjò àkọ́rọ̀

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta ni a kọ́kọ́ fi eré sí. Ẹ má ṣe bíi tiwa. Aago mẹ́rin kù ogún ìṣẹ́jú, ìjì dé, ó gbé kánópì méjì lé orí fẹ́ńsì, òjò sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n fi agbádá bo gángan, ó sá wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Awọ ìlù ti rọ̀ kó tó débẹ̀, ohùn rẹ̀ wá wúwo bíi ti ẹni tí òtútù mú. Ó di ọjọ́ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná èédú kó tó padà sípò. Etí plywood wú. Onísípíkà ní iṣẹ́ tàbí àìsí iṣẹ́, òun ti jáde nílé, ó gba ₦35,000 mìíràn fún ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tápólì tí mi ò yá láti bo ojú ìtàgé, ẹ yá a.

7. Ọjọ́ náà

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àga 200 tí a háyà kún kí ìlù tó dún, àwọn mìíràn wà lórí fẹ́ńsì, àwọn mìíràn lórí ọ̀kadà wọn.

Báńtìrì máìkì Ìyá Alákàrà kú láàárín ìbéèrè rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù. A ò ní báńtìrì sípíà. (Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: báńtìrì.) Ó ń la ẹnu, kò sí ohùn. Àwọn ọmọdé iwájú, tí wọ́n ti ń yọjú lójú fèrèsé kíláàsì láti ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ló bá a kọ ọ́: "Pílánù yẹn dà?" Gbogbo pápá sì gbà á. Mo wo ọmọ ìlà ẹ̀yìn. Ó ti pa ìwé rẹ̀ dé, òun náà ń pariwo.

A tẹ́ tábìlì sí ẹnu ọ̀nà àbájáde, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà tí a fi ń béèrè pílánù gọ́tà lọ́wọ́ ìjọba wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú bírò mẹ́fà tí a so mọ́ okùn. Ẹni 163 ló fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ò ní rí ogún.

Owó

Lápapọ̀ ₦447,500, tí a bá fi ìṣó, sukúrù, owó àga (₦20,000) àti omi òun búrẹ́dì fún ìgbìyànjú kún un. Ìdáwó ojúlé sí ojúlé mú ₦286,000 wá, fìlà tí a gbé káàkiri lálẹ́ ọjọ́ náà mú ₦138,500. Ó ku ₦23,000. Ọrùn mi ló wà. Pákó àti plywood wà ní ilé ìwé. Àdúgbò tó bá fẹ́ yá wọn, kó ra sukúrù tirẹ̀ wá.

Lẹ́tà náà

A gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ Ajé, wọ́n lu ẹ̀dà tiwa ní òǹtẹ̀. Ọjọ́ méje pé, wọ́n ní àwọn ṣì ń wá fáìlì. Ní ọjọ́ kẹtàlá, wọ́n ní kí ẹni mẹ́ta wá wo pílánù. Bàbá Alága, lọ́yà àti Ìyá Ẹlẹ́kọ ló lọ. Lórí pílánù, ẹ̀gbẹ́ pápá ni gọ́tà máa fẹ̀ sí, mítà mẹ́ta. Ìlà rẹ̀ kò kan ṣọ́ọ̀bù kankan. Ta ló wá kọ X? Kò sẹ́ni tó dáhùn. Pápá àwọn ọmọdé tó máa dín kù, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn; Àǹtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, mo ti kìlọ̀ fún un nípa ojú ewé.

Wọn kò wá pa X náà rẹ́. Ìyá Ẹlẹ́kọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ṣé ọ̀dà yẹ́lò yẹn kù. Ó ku bíi ìdá mẹ́ta gálọ́ọ̀nù. Ó fi kun ògiri rẹ̀, ó sì fún àwọn tó kù lára rẹ̀ títí tó fi tán ní ṣọ́ọ̀bù keje. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ṣì ní X.

Mai ruwa kò jẹ́ kí a fọ ọmọlanke rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tó ti di yẹ́lò, àwọn ọmọ ti ń rí i láti òkèèrè, wọ́n á pariwo pé, "Katapílà ń bọ̀!", àwọn ìyá wọn á sì ti gbé bàsíà síta kó tó dé.